Bí mo ṣe tún ìwé ìtọ́nisọ́nà ìdánwò Django wa kọ

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ẹgbẹ́ wa ń lò fún ìdánwò aládàáṣe nínú Django (irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì pẹ̀lú èdè Python) kàn sọ pé kí á máa lo TestCase, irú ìdánwò kan tí Django pèsè, fún ohunkóhun tó bá kan database (ibi ìpamọ́ dátà), ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa fi ń béèrè ohun tó fà á tí mail.outbox (àkójọ tí Django ń kó ímeèlì sí nígbà ìdánwò) fi ń ṣófo nínú ìdánwò, nígbà tí ímeèlì kan náà ń dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà láìsí wàhálà.

TestCase máa ń fi transaction (àkópọ̀ àyípadà database tó máa ń fìdí múlẹ̀ pa pọ̀ tàbí kí gbogbo rẹ̀ di asán) yí ìdánwò kọ̀ọ̀kan ká, tí ìdánwò bá sì ti parí, yóò dá database padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Commit, ìyẹn fífìdí àyípadà múlẹ̀, kò wáyé rárá, nítorí náà iṣẹ́ tí a bá fi sí abẹ́ transaction.on_commit, tó ń dúró de commit, kò ní ṣẹlẹ̀, títí kan fífi ímeèlì wa ránṣẹ́.

Àlàyé yìí ni mo fi ṣáájú lójú ewé náà, torí pé àpẹẹrẹ tí kò ní ìdí kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dà á kọ síbi tí kò yẹ. Àpẹẹrẹ captureOnCommitCallbacks pẹ̀lú execute=True, tó ń mú kí iṣẹ́ abẹ́ on_commit ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò, tó sì wọ inú Django ní ẹ̀dà 3.2 lọ́dún 2021, ló tẹ̀lé e. Mo mẹ́nu ba TransactionTestCase, irú ìdánwò tí commit ti ń wáyé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ pé ó lọ́ra, nítorí ńṣe ló ń kó gbogbo ohun tó wà nínú àwọn table dànù.

Inú fáìlì ìdánwò gidi ni àpẹẹrẹ náà wà báyìí, àṣẹ literalinclude ti Sphinx (irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe ìwé ìtọ́nisọ́nà) ló ń gbé e wá sójú ewé, nítorí náà bí ó bá bàjẹ́, ìdánwò fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pariwo.