Bí A Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀rọ Ìríran Òru Tí Yóò Jẹ́ Kí Ọmọ Ogun Mọ Ẹni Tí Ó Ń Wò

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ọmọ ogun yóò fi ríran lóru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ó fẹ́ kí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ náà sójú lè sọ. Ṣé ó tó kí ó sọ pé nǹkan kan ń rìn lọ́ọ̀ọ́kán? Àbí ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé ènìyàn ni, kì í ṣe màlúù? Àbí ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé ìbọn ni ènìyàn náà gbé lé èjìká, kì í ṣe ọkọ́? Owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń náni àti bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe wúwo tó kò jọra rárá. Mo rọ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ wa pé kí wọ́n fi ìbéèrè kẹta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ń rí nǹkan ní ibi jíjìn tí kò ti lè dá a mọ̀ ni ó ń ṣekú pa aláìṣẹ̀.

Ìṣirò tí a fi ń ṣe ìpinnu yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1958. John Johnson, tí ó ń ṣe ìwádìí ìríran òru fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Fort Belvoir, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní kí àwọn ènìyàn máa fi ẹ̀rọ wo ohun tí ó lè wà lójú ogun, ó sì fi ìlà dúdú àti funfun tí a tò tẹ̀ lé ara wọn díwọ̀n bí wọ́n ṣe ríran tó. Ó rí i pé bí ẹ̀rọ bá lè ya ìlà dúdú kan àti funfun kan sọ́tọ̀ lára ìbú ohun tí à ń wò, ìdajì àwọn tí ó ń wò ó yóò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ọkọ̀, àkópọ̀ ìlà dúdú kan àti funfun kan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin. Kí wọ́n sì tó lè yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn tí ó jọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ tó 6.4. Àwọn ìlànà tuntun ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Johnson ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe ìṣirò. Ká ní sẹ́ńsọ̀ tí ó ń fi ìgbóná ríran ni a fẹ́ lò, tí ó ní píksẹ́lì (àwọn ẹyọ àmì tíntìntín tí ó para pọ̀ di àwòrán) 640 ní ìbú, tí a sì fẹ́ kí ọmọ ogun rí ibi tí ó fẹ̀ tó dígírì 40, bí awò PVS-14 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò ṣe ń fúnni. Bí ohun tí à ń wò bá wà ní mítà 100 sí wa, píksẹ́lì kan yóò bo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11. A máa ń ka ènìyàn sí ohun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 0.75, píksẹ́lì méjì ni ó sì dúró fún ìlà dúdú àti funfun kan. Bí a bá ṣe ìṣirò náà parí, ẹ̀rọ wa yóò fi hàn pé nǹkan wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 340. Yóò fi hàn pé ènìyàn ni bí ó bá ku nǹkan bíi mítà 86. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, ó di nǹkan bíi mítà 54. Láti mítà 54 títí dé 340, ọmọ ogun ń rí àmì kan tí kò mọ ẹni tí ó jẹ́, ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè pani ní gbogbo àlàfo náà. Nínú àlàfo yìí ni gbogbo iṣẹ́ olùṣe ẹ̀rọ wà.

Ọ̀nà kan láti dín àlàfo náà kù ni kí a dín ìbú ibi tí à ń wò kù. Ní dígírì 10, ìdámọ̀ yóò dé nǹkan bíi mítà 215, ṣùgbọ́n ọmọ ogun náà yóò dà bí ẹni tí ó ń wo ọjà láti ihò kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹ̀rọ méjì ni ó dára jù: ọ̀kan tí ó fẹ̀ lórí akoto fún ìrìn, àti ọ̀kan tóóró tí a ń gbé sójú nígbà tí a bá fẹ́ mọ ẹni.

Lẹ́yìn èyí ni a óò yan ọ̀nà ìríran. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a sọ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ó ti ara ìràwọ̀ àti òṣùpá wá di púpọ̀: ìmọ́lẹ̀ náà yóò kọlu awọ fẹ́lẹ́ kan tí yóò sọ ọ́ di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tíntìntín tí ó ń gbé iná mànàmáná), àwo tí ó kún fún ihò tíntìntín yóò sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà di ọ̀pọ̀lọpọ̀, ojú dígí tí a kun ní phosphor, ohun tí ó máa ń tàn bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá kọlù ú, yóò sì sọ wọ́n padà di àwòrán. Ọ̀nà yìí fi ojú ènìyàn, aṣọ àti ohun èlò hàn dáadáa, ṣùgbọ́n inú ilé tí ó ṣókùnkùn biribiri àti èéfín máa ń borí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí a máa wo ooru ara. Òun kò nílò ìmọ́lẹ̀ kankan, ó sì máa ń tètè rí ènìyàn tí ó fara pamọ́ sínú ewé, ṣùgbọ́n kì í ríran kọjá gíláàsì fèrèsé, ó sì ṣòro láti fi mọ ojú ẹni. ENVG-B, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní ọdún 2019, pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sínú awò kan. Bí owó bá wà, mi ò rí ìdí tí a óò fi yan ọ̀kan ṣoṣo.

Má ṣe gbàgbé ojú àti ọrùn ẹni tí yóò lò ó. Ojú ènìyàn ń gba nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ó tó mọ́ òkùnkùn lára tán, ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ tí ó mú jù sì lè bà á jẹ́ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí awò olójú kan fi wúlò, nítorí pé ojú kejì ṣì wà nínú òkùnkùn. Ní ọdún 2021, Amẹ́ríkà fún Microsoft ní iṣẹ́ awò IVAS, awò ojú ogun tí ó ń fi àwòrán kọ̀ǹpútà hàn níwájú ojú, tí owó rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù dọ́là 22, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun tí ó dán an wò sọ pé ó ń fọ́ àwọn lórí, ó ń rẹ ojú àwọn, èébì sì ń gbé àwọn. Kí àwòrán má ṣe máa falẹ̀ lẹ́yìn ìṣípòpadà orí, kí bátìrì sì wà lẹ́yìn akoto kí ìwúwo rẹ̀ lè bá ti awò iwájú dọ́gba.

Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ran ìfojúsùn lọ́wọ́, lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tóóró, ni a fi ń wọn bí ohun tí à ń wò ṣe jìnnà tó. Èyí tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1550 kò léwu fún ẹ̀yìn ojú tó èyí tí ó jẹ́ 905. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ dájú pé lésà kì í sọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023, drónù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù lu àwọn ará abúlé Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí wọ́n ti péjọ ṣe Máólúdì. NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ka òkú 85. Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn sọ pé ṣe ni àwọn ṣi ìṣesí àwọn ènìyàn náà túmọ̀. Kò sí ìfojúsùn tí ó lè tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí pé bọ́ǹbù náà bá ibi tí wọ́n rán an lọ. Nítorí náà, kí ojú ẹ̀rọ máa sọ fún ẹni tí ó ń lò ó, ní kedere, bí ibi tí ó ń wò bá ti jìnnà kọjá ibi tí a ti lè dá ènìyàn mọ̀. Lésà ti fún wa ní jíjìnnà, ìṣirò Johnson sì ti fún wa ní ààlà. Kò sí ohun tí ó ní kí a má fi èkíní wọn èkejì kí a sì fi àbájáde rẹ̀ hàn án.

Ìdánwò inú yàrá kò tó. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà jáde nígbà ọyẹ́ tí eruku bo ojú ọ̀run, àti nígbà òjò. Ẹ dán an wò ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé wákàtí kan wà ní ìgbà méjèèjì tí ìgbóná ilẹ̀ àti ti ara ènìyàn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ènìyàn á sì pòórá lójú awò olóoru. Ẹ kó àgbẹ̀, darandaran àti ọmọ ogun jọ sí pápá kan náà, kí àwọn tí ń wo ẹ̀rọ má mọ ẹni tí ó wà níbo, kí ẹ sì kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe àgbẹ̀ ní ọ̀tá sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹyọ ohun èlò kan, kí ó mọ òfin. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ ITT ti Amẹ́ríkà, tí ó ń ṣe awò òru, san mílíọ̀nù dọ́là 100 nítorí pé ó fi ìmọ̀ ìríran òru ránṣẹ́ sí òkè òkun láìgba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò ni ó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí olùlò (ìwé tí ó ń sọ ẹni tí yóò lo ẹrù náà gan-an) tí a gbọ́dọ̀ ní kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó wọlé, ó sì yẹ kí a ti gba ìwé náà kí a tó sanwó fún ẹni tí yóò tà á.