Bí a ṣe ń gbowó ìpolówó lórí ìkànnì láì rú òfin Google

Ẹni tó bá ní ìkànnì tí èrò ń wọ́ sí, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ sanwó kó bá òun fi líǹkì sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú gbígba owó náà. Ohun tí Google kọ̀ ni pé kí ẹ gbà á tán, kí líǹkì ọ̀hún wá wà níbẹ̀ bí ẹni pé tinútinú lẹ fi júwe rẹ̀. Láti 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá Google sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ka líǹkì sí ẹ̀rí pé ojú ewé kan dára. Ẹ̀rí tí a fowó rà ń tan ẹni tó ń wá nǹkan jẹ.

Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀, ẹ bi oníbàárà yín bóyá ó gbà kí ẹ fi àmì ìpolówó sára líǹkì náà. Bó bá kọ̀, ẹ má gba owó ọ̀hún: ipò lórí Google ló ń rà. Ọjà ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ nítorí líǹkì, owó náà ni.

Bó bá gbà, ẹ ṣí àpilẹ̀kọ náà níbi tí kóòdù HTML ti ń hàn, ẹ wá líǹkì rẹ̀, kí ẹ ṣe é báyìí:

<a href="https://example.com" rel="sponsored">orúkọ ilé iṣẹ́</a>

Ọdún 2019 ni Google gbé àmì yìí jáde. Nofollow, àmì tó ń sọ fún Google pé kó má ka líǹkì kan sí ẹ̀rí, tó ti wà láti 2005, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti lò ó kò ní láti yí i padà. Ẹ tún kọ ọ́ sókè àpilẹ̀kọ fún òǹkàwé: “Wọ́n sanwó fún àpilẹ̀kọ yìí.”

Ẹ má fojú kéré líǹkì kan ṣoṣo o. Níbẹ̀rẹ̀ 2012, àwọn tó ń bá Google polówó Chrome sanwó fún àwọn tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, líǹkì kan tí kò ní nofollow sì yọ́ wọlé. Google fìyà jẹ ojú ewé Chrome tirẹ̀: ó já ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú èsì ìwárí fún ó kéré tán 60 ọjọ́. Ta ni wọ́n máa wá ṣojúsàájú fún?

Àwọn líǹkì àtijọ́ ńkọ́? Ẹ wọ Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ní ìkànnì, ẹ tẹ Manual actions, níbi tí ìyà tí Google bá fi jẹ ìkànnì yín ti ń hàn. Bí ẹ bá bá ẹ̀sùn níbẹ̀, ẹ tún gbogbo líǹkì tí ẹ gbowó lé lórí ṣe, ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Request review, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ẹ ṣe. Èsì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ mìíràn ránṣẹ́ kó tó dé.