Kí ẹ tó ra tọ́bò tuntun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ eléré onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì), bí agbára rẹ̀ bá dínkù tí epo sì ń tètè tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tọ́bò tuntun fún yín. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, kí ẹ wá fọwọ́ yẹ àwọn rọ́bà tó ti ìdí tọ́bò lọ sí intercooler (ohun tó ń mú kí afẹ́fẹ́ náà tutù) wò, títí dé ẹnu ẹ́ńjìnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ yí po, pàápàá lábẹ́, níbi tí ojú kì í dé. Òkè lè máa dán kí abẹ́ ti là. Bí ọ́ìlì bá rin oríkèé kan, ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí jù.

Bí afẹ́fẹ́ tó ń jò ṣe ń jẹ epo nìyí: nínú ọkọ̀ tó ní MAF (ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), kọ̀ǹpútà ti ka afẹ́fẹ́ yẹn kó tó jò, ó sì ti tú epo tó bá a mu sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ jò dànù lọ́nà, epo wá pọ̀ jù, èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín sínú páìpù á rí ihò náà kíá.

Bí kò bá sí ibi tó jò, ẹ wo rọ́bà tín-ín-rín tó lọ sídìí wastegate (ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí èéfín ẹ́ńjìnì yà kúrò lọ́dọ̀ tọ́bò kí agbára rẹ̀ má bàa pọ̀ jù), àti bóyá wastegate fúnra rẹ̀ ń pa dé dáadáa.

Ẹ wo géèjì ìgbóná náà. Bí kì í bá gòkè tó bó ṣe yẹ, ó ṣeé ṣe kí thermostat (fáàfù tó ń darí omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù) ti há ní ṣíṣí. Kọ̀ǹpútà á máa da epo sí i bíi pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù.