Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ríra Púláò fún Katakata

Bí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n ní katakata, àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ẹgbẹ́ ra ọ̀kan, a máa wá ohun ìtúlẹ̀ kiri, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní púláò. Ilé mi kò jìnnà sí Mọ́níyà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi katakata túlẹ̀ oko tèmi àti ti ẹlòmíràn ní ìhà Àkìnyẹ́lé, nítorí náà àwọn ènìyàn a máa wá bi mí léèrè. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í wá kí wọ́n tó sanwó. Ìgbà tí púláò bá ti délé tí katakata kò lè gbé e, tàbí tí oko ọdún kan bá ti bàjẹ́, ni wọ́n tó ń wá. Owó ọjà yìí kì í ṣe kékeré. Mo fẹ́ kọ àwọn àṣìṣe tí mo ti rí, títí kan èyí tí èmi fúnra mi ṣe, sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rà.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí a máa wo bí púláò ṣe tóbi tó, kí a má sì wo katakata tí yóò fà á. Mo jẹ̀bi èyí. Ẹ́ńjìnnì katakata mi àkọ́kọ́ kò ju agbára ẹṣin 50 (èyí tí òyìnbó ń pè ní horsepower) lọ. Ẹni tí ó ta púláò fún mi ní aláwo mẹ́rin ni kí n mú, ìyẹn èyí tí ó ní irin róbótó mẹ́rin bí àwo tí ó ń yí tí ó sì ń gé ilẹ̀, pé yóò jẹ́ kí n tètè parí iṣẹ́ kí n sì gba ti ẹlòmíràn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e dé oko, awakọ̀ fa ọ̀pá tí ó ń gbé ẹrù sókè, gbogbo wa sì kọjú sí ẹ̀yìn, à ń wo púláò. Kò tíì gbéra kúrò nílẹ̀ tó ìwọ̀n orúnkún tí táyà iwájú méjèèjì ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ kígbe pé, “Ẹ̀gbọ́n, iwájú ti gbéra o! Sítíárì kò mú nǹkan kan mọ́!” Mo ṣì rántí bí erùpẹ̀ ṣe ń já bọ́ lára táyà náà bí ó ṣe ń yí lófìfo. Bí ó bá jẹ́ pé orí òkè ni a wà ni, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ìbá parí sí kì bá dára.

Púláò aláwo mẹ́ta lè wọn nǹkan bí 400 kìlógíráàmù, èyí tí ó ní àwo mẹ́rin sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìwọ̀n yẹn ni ó ń rọ̀ sẹ́yìn táyà ńlá, bí ẹrù tí a dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ títí iwájú rẹ̀ fi ń ta sókè. Òótọ́ ni pé a lè so irin wíwúwo mọ́ imú katakata kí iwájú lè jókòó, ó sì yẹ kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irin imú kò lè fi kún agbára ẹ́ńjìnnì. Lórí ilẹ̀ tiwa, èmi a máa ka agbára ẹṣin 20 sí 25 fún àwo kọ̀ọ̀kan. Katakata agbára ẹṣin 75, irú Massey Ferguson 375 tí ó kún ilẹ̀ wa, àwo mẹ́ta ni tirẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 50, àwo méjì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àwo tí a bá sì lé kọjá bẹ́ẹ̀ kò ní mú kí iṣẹ́ tètè parí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí ibí yìí ni àwọn tí wọ́n fẹ́ máa fi katakata gba iṣẹ́ éékà ti máa ń ṣìnà. Bí àwo kọ̀ọ̀kan bá gé ilẹ̀ ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 25, àwo mẹ́ta yóò gé sẹ̀ǹtímítà 75. Bí katakata bá ń sáré kìlómítà 5 ní wákàtí kan, ilẹ̀ tí yóò tú jẹ́ 3,750 mítà onígun mẹ́rin, kí a tó yọ àkókò tí ó fi ń yí padà ní orí aporo. Bí a bá wá fi àwo mẹ́rin kọ́ ọ, tí agbára kò sì tó, tí katakata ń wọ́ ní kìlómítà 3 àtààbọ̀, ilẹ̀ tí yóò tú láàárín wákàtí kan náà jẹ́ 3,500. Iṣẹ́ ti dínkù, bẹ́ẹ̀ epo dísẹ̀lì ti lọ, táyà ẹ̀yìn ti ń yọ̀ lójú kan tí ó sì ń jẹ, ẹ́ńjìnnì sì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ti ìkọ́ tí a fi ń so púláò mọ́ katakata kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti fa ìjàǹbá. Ọwọ́ mẹ́ta ni katakata fi ń di púláò mú, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, iṣẹ́ ọpọlọ Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Áílándì, ni èyí. Kí ó tó di pé ọgbọ́n yìí tàn kálẹ̀, ṣe ni wọ́n kàn ń so púláò mọ́ ẹ̀yìn katakata, bí ó bá sì kọlu òkúta, iwájú a gbéra, katakata a sì dojú dé awakọ̀. Nínú ètò ọwọ́ mẹ́ta, bí púláò bá kọlu nǹkan, ọwọ́ òkè ni ó ń ti agbára náà padà síwájú, tí ó sì ń tẹ táyà iwájú mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fi wáyà tàbí ṣéènì dípò ọwọ́ òkè ti yọ ohun tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí awakọ̀ kúrò. Kí ẹ tó rà, ẹ wọn irin ìkọ́ ìsàlẹ̀: ti katakata kéékèèké jẹ́ mìlímítà 22, ti èyí tí ó tóbi díẹ̀ jẹ́ 28. Bí irin kékeré bá wọ ihò ńlá, yóò máa kọlù ú títí ihò yóò fi fẹ̀ tí etí rẹ̀ yóò sì ya. Bọ́ọ̀ṣì tí ó ń dí àlàfo yẹn kò wọ́n, ẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àwọn ẹbí wa tí wọ́n wà lókè òkun a máa fi àwòrán púláò tí wọ́n rí ní ibi gbàǹjo ránṣẹ́, pé ó pọ́ọ́kú, pé kí á jẹ́ kí wọ́n fi sínú kọ̀ǹténà. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí wọ́n ń rí kì í ṣe aláwo. Púláò alábẹ ni, tí irin rẹ̀ tẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí ó sì máa ń da ilẹ̀ dé pátápátá. Irin rere ni. Irú rẹ̀ ni John Deere fi irin dídán rọ ní Illinois ní 1837, nítorí pé ilẹ̀ pápá ibẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ irin. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é fún kò ní gbòǹgbò igi àràbà nínú. Ní ilẹ̀ tiwa, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán igbó, tí kùkùté ìrókò àti ayùnrẹ́ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú kò tó, abẹ yẹn yóò há mọ́ gbòǹgbò, yóò sì kán tàbí kí ó tẹ̀. Àwo ní tirẹ̀ a máa yí gun orí kùkùté, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Ìdí tí aláwo fi gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀lé e ni èrò pé bí púláò bá ṣe ń jẹ ilẹ̀ jìn tó ni irè yóò ṣe pọ̀ tó. Àwo tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ ínǹṣì 26 tàbí 28, àwo a sì máa wọlẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ ara rẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ó ṣe bí ó ṣe wù ú. Ínǹṣì 28 lè tipa bẹ́ẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 23. Ẹ wá mú ọkọ́, kí ẹ gbẹ́ ihò kan ní oko yín kí ẹ wò ó. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè Ìbàdàn, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìdó, ilẹ̀ dúdú tí ó ní oúnjẹ nínú kò nípọn rárá. Lábẹ́ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí wà, kí a tó kan ilẹ̀pa. Àwo tí ó bá wọ inú òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, ohun tí kò wúlò ni yóò gbé wá sókè, yóò sì fi èyí tí ó wúlò sísàlẹ̀. Mo ti rí oko àgbàdo kan ní ìhà Ọmí-Àdìó tí wọ́n tú báyìí. Lẹ́yìn òjò kejì, òkúta funfun tò sójú poro bí ìgbà tí wọ́n da èkùrọ́ sílẹ̀, àgbàdo tí ó wà láàárín rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ga ju itan lọ títí tí ó fi yọ irùkẹ̀rẹ̀. Olóko náà ti ra ajílẹ̀ kún ajílẹ̀, ó rò pé ajílẹ̀ ni kò tó.

Èyí ni ó fi yẹ kí a béèrè bóyá ilẹ̀ kan tilẹ̀ fẹ́ púláò. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1967, onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Rattan Lal ṣiṣẹ́ láti 1970 sí 1987, ó sì fi hàn pé lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibi tí a bá tú tí a sì fi sílẹ̀ ní ìhòòhò ni ọ̀gbàrá máa ń gbé lọ jù, nígbà tí ibi tí a fi pòròpórò àti koríko gbígbẹ bò tí a kò tú, ilẹ̀ rẹ̀ a dúró. Ní 2020 ni wọ́n fi ẹ̀bùn World Food Prize dá a lọ́lá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé itòsí ibi tí iṣẹ́ náà ti wáyé, síbẹ̀ à ń tú òkè láti orí dé ìsàlẹ̀, kí òjò oṣù kẹfà lè rí ọ̀nà gbà. Bí oko yín bá dà sísàlẹ̀ gan-an, tí òkúta rẹ̀ kò sì jìn sójú ilẹ̀, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti ra púláò; ẹ fi owó náà ra ohun tí yóò gé koríko. Bí ó bá dà díẹ̀, ẹ tú u ní ìbú òkè.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń rà, n kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí kò ṣe pé ọ̀dà tuntun máa ń tan ni jẹ. Ẹ mú téèpù lọ́wọ́. Àwo tí wọ́n bá pè ní ínǹṣì 26, ẹ wọ̀n ọ́n láti etí dé etí. Bí ó bá ti jẹ di 22, ẹ ti ń ra àwo tuntun kún owó yín nìyẹn. Ẹ di àwo kọ̀ọ̀kan mú ní etí méjèèjì kí ẹ mì í: bí ó bá ń ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀, bẹ́árìn rẹ̀ ti lọ. Ẹ yí i pẹ̀lú ọwọ́ kí ẹ sì tẹ́tí, nítorí iyanrìn nínú gírísì ní ohùn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ na okùn láti ìpẹ̀kun férémù kan dé èkejì, kí ẹ rí i bóyá irin náà ti tẹ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti nípọn ju ibi yòókù lọ, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á, kí ẹ wò ó bóyá wẹ́dà ti fọwọ́ kàn án rí. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà bẹ́árìn náà sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọjà Araròmí ní Agodi-Gate, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Púláò tí a kò lè rí bẹ́árìn rẹ̀ rà kò yàtọ̀ sí àjókù irin.

Ti àwo tuntun olówó pọ́ọ́kú, mo kàn fẹ́ sọ pé irin tí kò gba iná dáadáa nílé iṣẹ́ a máa ká bí ewé nígbà tí ó bá kan òkúta. Ẹ ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún kan.

Nígbà tí ẹ bá wà níwájú púláò, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún táyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń sá nínú poro. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kì í ní i mọ́, olùtajà yóò sì sọ pé kò wúlò. Ó wúlò. Nítorí pé àwo dá ojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan bí dígírì 42 sí 45, ilẹ̀ a máa tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Táyà yẹn ni ó ń kọ̀ fún un. Láìsí i, awakọ̀ yóò máa bá sítíárì jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, poro yóò sì wọ́ bí ejò. Ẹ wo irin tí ó ń ha ilẹ̀ kúrò lára àwo pẹ̀lú, pàápàá bí ẹ bá ní àkùrọ̀, nítorí amọ̀ yóò lẹ̀ mọ́ àwo títí kò fi ní gé nǹkan kan mọ́.

Bí olùtajà bá gbà, ẹ jẹ́ kí ó gbé púláò náà wá sí oko yín, kí katakata yín fà á ní poro mẹ́ta, lẹ́yìn òjò tí ilẹ̀ ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mu lọ́wọ́. Ẹ má dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ẹ máa wò ó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú poro kẹta, kí ẹ fi ọwọ́ tú erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ dúdú ni ẹ ṣì ń bù, ẹ ṣe àdéhùn owó. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti wà láàárín ìka yín, ẹ ní kí awakọ̀ gbé e sókè díẹ̀, kí ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó ná an.