Ẹ̀bùn ìwé tí mo sanwó lé lórí lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó ń ta èèyàn lọ́rẹ, n kò mọ̀ pé ó tún lè jẹ gbèsè lórí ọrẹ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní ìtàn ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà ló ṣaláìsí, ó sì fi ìwé 612 sílẹ̀ lórí Avesta, ìyẹn ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Zarathushtra, wòlíì Iran àtijọ́, lórí Pahlavi, èdè Iran àtijọ́, àti lórí àwọn Parsi, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Zarathushtra tí baba ńlá wọn ṣí láti Iran lọ sí Gujarat ní Íńdíà. Ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní Màmá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Yorùbá, fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé-ìkàwé kékeré tí àwùjọ ẹ̀sìn náà ní nílùú wọn.

Kíkó ìwé sínú páálí kò le. Fọ́ọ̀mù 8283, fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà fún ẹ̀bùn tí kì í ṣe owó, ló fojú mi rí màbo. Bí ẹ̀bùn tí kì í ṣe owó bá ju 5,000 dọ́là lọ, tí ẹni tó ta á lọ́rẹ sì fẹ́ kí owó orí òun dínkù nítorí rẹ̀, àfi kó wá adíyelé tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ilé-ìkàwé tó ń gbà á kò lè díyelé fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn kò lè pín ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta kó lè bọ́ sábẹ́ 5,000, torí ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, ka gbogbo ìwé sí. Mo wá adíyelé, ó gba 1,100 dọ́là, ó buwọ́ lùwé, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ìdíyelé náà kò gbọdọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí a ta ìwé lọ́rẹ ju 60 ọjọ́ lọ. Ilé-ìkàwé sì ní àwọn kò ní gba páálí kankan láìkọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ìwé kan náà ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń kó wá bí àgbà ilé bá kú, àyè kò sì sí mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò lè bá wọn jà. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ìgbìmọ̀ wọn ń jókòó, ìjókòó àkọ́kọ́ sì bọ́ sí àkókò Nowruz, ọdún tuntun inú oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n dá àkọsílẹ̀ padà: ọdún ìtẹ̀jáde àwọn ìwé Gujarati kò tọ̀nà. Adíyelé mi ló rí 1269 lójú ewé àkọ́kọ́ tó sì kọ 1269, bí ẹni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dé Bombay láyé ìgbà náà! Kàlẹ́ńdà Yazdegerd ni, tí wọ́n ń kà láti ìgbà tí Yazdegerd, ọba tó kẹ́yìn nínú ìdílé ọba Sasania ní Iran, gorí ìtẹ́ ní 632. Ọjọ́ 365 géérégé ni ọdún wọn, tó fi ń yára ju tiwa lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà 630 ni a ó fi kún un, tí yóò fi di 1899.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kọ́ nọ́ńbà Gujarati láti òdo dé ẹ̀sán, mo sì fúnra mi tún ọdún ìwé 87 kọ. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀: akọ̀wé ìgbìmọ̀ bi mí léèrè bóyá Parsi ni ìyá tó bí mi.

Ọjọ́ kẹrìnléláàádọ́rin lẹ́yìn ìdíyelé ni wọ́n tó gbà. Ìdíyelé ti kú. Ẹni tó kọ ọdún òdì náà ló tún gba 650 dọ́là lọ́wọ́ mi, láti inú àpò tèmi, nítorí ojú ń tì mí láti sọ fún Màmá. Bí mo bá tún máa ṣe é, lẹ́tà ilé-ìkàwé pé àwọn gba àkọsílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò gba ẹrù, ni n ó kọ́kọ́ gbà, kí n tó pe adíyelé rárá.

Lọ́jọ́ tí a kó wọn dé, wọ́n kà á, ó jẹ́ 611. Mo pe Màmá. Ó ní ìwé Gatha, àwọn orin mímọ́ inú Avesta, tí ọkọ òun fi lẹ́ẹ̀dì kọ nǹkan sí etí ewé rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun, òun kò sì ní í mú un wá. Mo tún pe adíyelé.