Ọkọ̀ Afẹ́ Kékeré Olówó Gọbọi àbí Ọkọ̀ Ràgàjì Elérò Púpọ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Bá Wa Mu

Ẹni tó ṣi mọ́tò wọ̀ ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó rò pé Ìbàdàn lòun ń lọ, tó wá rí i pé Ìlọrin ni mọ́tò dorí kọ, lè ní kí dírẹ́bà dúró kí òun bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ṣi ọkọ̀ afẹ́ orí òkun yàn kò ní irú àǹfààní yẹn. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ló máa fi wà nínú rẹ̀, owó sì ti lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kí a tó ki ọwọ́ bọ àpò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń yàn láàárín. Ọkọ̀ ràgàjì ni irú Icon of the Seas tí ilé iṣẹ́ Royal Caribbean bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ó gùn tó mítà 365, bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta àti ààbọ̀ tí a tò tẹ̀ léra wọn. Àjà rẹ̀ jẹ́ 20. Bí ènìyàn méjì bá wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, èrò 5,610 ló ń gbé. Bí gbogbo ibùsùn bá kún, ó lè tó 7,600. Ìlú kan ló léfòó yẹn, tòun ti gbọ̀ngàn eré, odò ìlúwẹ̀ẹ́ méje àti ibi ìṣeré ọmọdé. Ní ìdàkejì, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ilé iṣẹ́ SeaDream kì í gbà ju èrò 112 lọ, òṣìṣẹ́ 95 ló sì ń tọ́jú wọn. Silver Muse ti ilé iṣẹ́ Silversea tóbi ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n èrò 596 péré ló ń gbà. Bí ẹ bá dé yàrá oúnjẹ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti mọ orúkọ yín, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹ kì í fi wàrà sí tíì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń lọ sílẹ̀

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún bá wà nínú wọn, ọkọ̀ ràgàjì ni kí ẹ kọjú sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ni kò ní ibi ìṣeré fún ọmọdé rárá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Viking ní tirẹ̀ kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, bó ti wù kí òbí rẹ̀ lówó tó.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni àwọn ènìyàn kì í rò délẹ̀. Wọ́n á ní, “Màmá ti dàgbà, ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn, kò ní sí ìrìn púpọ̀.” Òtítọ́ ni pé ìrìn inú ọkọ̀ ràgàjì pọ̀: láti yàrá tó wà ní ìdí ọkọ̀ dé ilé oúnjẹ tó wà níwájú lè tó mítà 250, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí a tó ka àbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Èbúté kéékèèké ni ọkọ̀ kékeré ń yà sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ibi tí ọkọ̀ lè sún mọ́. Ọkọ̀ á dúró sí àárín omi, èrò á bọ́ sínú ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan tó ń jó sókè sódò lórí ìgbì, òṣìṣẹ́ méjì á di apá wọn mú, wọ́n á ní “Ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀.” Ìyá tí orúnkún ń dùn ò lè gbé ẹsẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń lo àga onítáyà ni wọn kò ní gbà kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí omi bá ru. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ràgàjì tó ní líífùtì, tó sì ń so mọ́ èbúté gidi, ló dára jù, kí ẹ sì gba yàrá tó sún mọ́ líífùtì fún wọn.

Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń lọ, kó mọ̀ pé ènìyàn méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó yàrá. Ẹni tó dá yàrá gbà lè san owó ẹni méjì tàbí ohun tó sún mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ibo lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀?

Àwọn ibì kan wà tí ọkọ̀ ràgàjì kò lè dé, owó kò sì lè yí i padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ìjọba Ítálì ti fòfin de ọkọ̀ tó gùn ju mítà 180 lọ tàbí tí ìwọ̀n àyè inú rẹ̀ (gross tonnage) ju 25,000 lọ, pé kò gbọ́dọ̀ gba iwájú Fẹ̀nísì kọjá mọ́. Odò àtọwọ́dá Kọ́ríńtì ní ilẹ̀ Gíríìsì kò fẹ̀ tó mítà 25 lókè omi, ọkọ̀ ràgàjì kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ní Antarctica, ọkọ̀ tó bá kó ju èrò 500 lọ kì í sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Èyí tó bá sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ènìyàn 100 ni kò gbọ́dọ̀ kọjá lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá jẹ́ Barcelona, Marseille, Miami tàbí Bàhámà lẹ fẹ́, irú ọkọ̀ méjèèjì ló ń dé ibẹ̀. Ẹ má sanwó ọkọ̀ kékeré nítorí èbúté tí ọkọ̀ ràgàjì ń dé ní owó tí kò tó ìdajì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò owó ojúmọ́ kan, ẹ má wo iye tó wà nínú ìpolówó

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Owó tí ọkọ̀ ràgàjì ń kígbe rẹ̀ kì í ṣe gbogbo owó. Owó èbúté wà, tíìpù òṣìṣẹ́ wà (bíi dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, wọ́n á sì yọ ọ́ láìbéèrè), ọtí àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ilé oúnjẹ pàtàkì wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ti da gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ owó kan.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tọkọtaya kan ṣe é fún òru méje. Àwa la gbé iye wọ̀nyí kalẹ̀ fún ìṣirò; tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Dọ́là ni kí ẹ fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tó yí i sí náírà lọ́jọ́ ìsanwó.

Ọkọ̀ ràgàjì, lórí ẹnì kan: tíkẹ́ẹ̀tì 900, owó èbúté 150, tíìpù 126, àkópọ̀ owó ohun mímu 525, íntánẹ́ẹ̀tì 140, oúnjẹ pàtàkì lẹ́ẹ̀mejì 100, ìrìn àfẹ́ orí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì 180. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,121. Pín in sí méje, ó di dọ́là 303 lójúmọ́.

Ọkọ̀ kékeré, lórí ẹnì kan: tíkẹ́ẹ̀tì 4,200, owó èbúté 200, ìrìn àfẹ́ orí ilẹ̀ 200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,600, ìyẹn dọ́là 657 lójúmọ́.

Ẹ rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ràgàjì, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo owó pé, ó wá lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Èyí ni àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kékeré máa ń tẹnu mọ́, wọn kò sì parọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó kan ilé wa gan-an. Ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti fìdí múlẹ̀ báyìí ni Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí náà sì pọ̀ níbẹ̀. Ìdílé tí kò mu ọtí pọ̀ jọjọ. Bí tọkọtaya yẹn kò bá mu ọtí, tí omi àti tíì tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ sì tó wọn, dọ́là 525 yẹn á jáde kúrò nínú ìṣirò. Ọkọ̀ ràgàjì wá di dọ́là 228 lójúmọ́, ti kékeré sì dúró sí 657 rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà tún fò sókè sí ohun tó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Kí ló fà á? Wáìnì ẹlòmíì ló wà nínú owó tí ẹ san. Ẹni tí kò mutí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí “gbogbo nǹkan ti wà nínú ẹ̀” tan òun jẹ. Kó béèrè bóyá ilé iṣẹ́ náà ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ohun mímu kò sí nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, kó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́, àyè àti ìtọ́jú nìkan lòun ń sanwó fún, kó wá pinnu bóyá wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lójú òun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ìṣirò kan wo bí àyè ṣe tó

Ọkọ̀ ńlá lè há, kékeré sì lè láyè. Ẹ wá ìwọ̀n àyè inú ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní gross tonnage. Kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó. Ìwọ̀n gbogbo àyè tó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ fi iye èrò pín in. Ti Icon of the Seas jẹ́ 248,663. Fi 5,610 pín in, ó di 44. Ti Silver Muse jẹ́ 40,791. Fi 596 pín in, ó di 68. Bí iye náà bá wà lábẹ́ 35, ẹ múra sílẹ̀ fún ìtò lẹ́nu ọ̀nà oúnjẹ. Ẹ rántí pé èrò méjì nínú yàrá kan ni ìṣirò yìí dúró lé. Lásìkò ọlidé ilé ìwé, tí ọmọdé kún ibùsùn òkè, àyè náà á dín kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìgbì

Ọkọ̀ gígùn máa ń tẹ̀ lé orí ìgbì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í mì bíi kékeré. Ìyẹ́ irin méjì wà lábẹ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tó ń dín ìmìlọ-mìbọ̀ sọ́tùn-ún sósì kù, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan ṣe sí kí imú ọkọ̀ máa gbé sókè kó máa rì. Ẹni tí òòyì ń kọ́ nínú mọ́tò láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ èrò 112 ṣe àkọ́kọ́ ìrìn. Ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, yàrá àárín gbùngbùn, ní àjà ìsàlẹ̀, ló ń mì díẹ̀ jù. Yàrá òkè pátápátá tó wà níwájú, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi nítorí ìran, òun gan-an ló ń mì jù. Atalẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn ni kí a lò kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó rà á.

Oúnjẹ àti aṣọ

Kò sí àmàlà, kò sí gbẹ̀gìrì, lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ọkọ̀ ràgàjì á ní oríṣiríṣi oúnjẹ lórí tábìlì gbọọrọ. Kékeré á se ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n sè, bí èlò rẹ̀ bá wà. Ẹni tó ń jẹ hàláàlù nìkan gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún wọn, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú. Ẹ má gbé ẹran gbígbẹ. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà àti Yúróòpù á gbà á. Áyọ́ọ̀nù náà, wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ nítorí iná. Bí ẹ bá ń gbé léèsì tàbí aṣọ òkè lọ fún alẹ́ ìmúra, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ní yàrá ìfọṣọ tó ní áyọ́ọ̀nù. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ràgàjì, ẹ máa sanwó kí wọ́n tó bá yín lọ̀ ọ́. Ẹ má mú aṣọ tó jọ ti sójà lọ sí Bàbédọ̀sì tàbí Jàmáíkà, òfin kà á léèwọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Físà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló mú kí ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa ju fún ẹlòmíì lọ. Ọ̀nà ọkọ̀ ràgàjì láti Barcelona dé Marseille dé Genoa, inú Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà) ló wà látòkè délẹ̀, físà kan ti tó. Ọkọ̀ kékeré máa ń fò láti ìlú kékeré kan sí òmíràn: Kroéṣíà lónìí (òun ti wọ Schengen láti ọdún 2023), Montenegro lọ́la, Tọ́kì lọ́tùnla. Lọ́gán tí ọkọ̀ bá jáde kúrò ní Schengen tó tún fẹ́ padà, físà oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Oníwọlé púpọ̀ lẹ nílò, àti ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó bá béèrè. Bí ọ̀kan bá kù, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọkọ̀, wọn kò sì ní dá owó padà. Ẹ to èbúté náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ físà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Páṣípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ àbọ̀, kí káàdì àjẹsára ibà pọ́njú sì wà nínú rẹ̀.

Bí ọkàn bá pín sí méjì

Ọkọ̀ ràgàjì kan wà tí wọ́n ṣe ilé kékeré sínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ MSC ń pe tirẹ̀ ní Yacht Club, ilé iṣẹ́ Norwegian ń pe tirẹ̀ ní The Haven. Àwọn tó bá gba yàrá níbẹ̀ ní ilé oúnjẹ tiwọn, odò ìlúwẹ̀ẹ́ tiwọn àti ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe gbogbo èrò ló lè gbà. Fún ìdílé tí bàbá àgbà fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn ọmọ-ọmọ sì fẹ́ ariwo, èyí la fara mọ́ jù.

Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀

Ẹ béèrè ọjọ́ tí owó tó kù gbọ́dọ̀ pé. Ó sábà máa ń jẹ́ oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin ṣáájú ìrìn, lẹ́yìn rẹ̀ owó kì í fi bẹ́ẹ̀ padà. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì tó kan gbígbé aláìsàn kúrò lórí òkun, nítorí owó ni wọ́n ń gbà ní kíníìkì inú ọkọ̀. Ẹ lo káàdì dọ́là: ọkọ̀ máa ń de owó mọ́lẹ̀ lórí káàdì láti ọjọ́ kìíní, káàdì náírà sì lè kọ̀. Ẹ dé ìlú tí ọkọ̀ ti ń gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú. Níkẹyìn, ẹ gba àwòrán àjà ọkọ̀ náà, ẹ wá nọ́ńbà yàrá yín, kí ẹ wo ohun tó wà lókè rẹ̀ gan-an àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ijó tàbí ibi tí wọ́n ti ń wọ́ àga kiri láago márùn-ún ìdájí, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí yàrá èrò wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀.