Ẹ kọ́kọ́ dán owó ìfẹ̀yìntì wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ìfẹ̀yìntì yín ò ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ mọ́, ẹ bi ilé iṣẹ́ yín pé èló ni owó ìfẹ̀yìntì yín yóò jẹ́ lóṣù. Kí ẹ wá máa ná ìyẹn nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ tọ́jú èyí tó kù sí báńkì. Bí owó bá ń tán kí oṣù tó parí, a jẹ́ pé ẹ ṣì nílò iṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò nìyẹn. Ọjà á sì tún máa gbówó lórí sí i o.

Kíkúrò pátápátá nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Ẹ lè ní kí wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ yín kù, àmọ́ ẹ wádìí kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí níbòmíràn owó oṣù ìgbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, kó fi àsìkò ìsinmi rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ ní kékeré ná. Ní tèmi, mi ò fara mọ́ kí èèyàn da gbogbo owó ńlá tí wọ́n san fún un lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó fẹ̀yìn tì sínú òwò tí kò ṣe rí.

Ẹ bá ọkọ tàbí aya yín sọ ọ́ pẹ̀lú, kó tó pẹ́ jù. Ẹnì kan lè máa ronú àtidáko, kí ẹnì kejì ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ.